Firmin Tó Ń Gba Ohùn Lọ́wọ́ Òkú

Opó kan ní ìlú Ardooie ló kọ́kọ́ pe Firmin Callewaert ní gúnnugún. A ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọkọ rẹ̀ tán ni. Àwọn èèyàn ti jókòó ti búrẹ́dì àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ife kọfí ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, Firmin sì fẹ̀yìn ti ògiri nínú kóòtù dúdú rẹ̀, ó ń dúró kí èrò tó yí obìnrin náà ká dín kù. Nígbà tí àyè yọ, ó lọ bá a, ó bá a kẹ́dùn, ó sì rọra béèrè bóyá àpótí kékeré tí olóògbé máa ń gbé kọ́ ọrùn ṣì wà nílé.

Obìnrin náà wò ó látòkè délẹ̀.

"Ohun tí ẹ bá wá síbí nìyẹn? Iyẹ̀pẹ̀ tí a bù sórí ọkọ mi ò tíì gbẹ!" Ó yíjú sí àwọn ẹbí rẹ̀. "Ẹ wá wo gúnnugún tó wọ kóòtù o!"

Èmi ni mo fà á lápá jáde. A wà nínú ọkọ̀, a ti ń rí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì Izegem, ìlú wa. Ó wá ní, "Ludwina, obìnrin yẹn ò parọ́ mọ́ mi."

Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ á gbà bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo ti ń bá a ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú, mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Bàbá Firmin ló ni ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún rédíò ṣe ní àdúgbò àwọn tó ń ṣe búrọ́ọ̀ṣì. Ìyá rẹ̀ ni àìsàn ìgbọ̀nrìrì mú. Ọwọ́ ló kọ́kọ́ mú, ó mú ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà ó wọ ọ̀nà ọ̀fun. Ohùn ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Ó ń sọ̀rọ̀, ètè rẹ̀ ń mì, ṣùgbọ́n ohun tó ń jáde kò ju èémí ẹni tó ń fẹ́ ọbẹ̀ gbígbóná lọ. Bàbá ò gbọ́rọ̀ dáadáa tẹ́lẹ̀, ó sì gba kámú. Wọ́n á jẹun, wọ́n á pa abọ́ mọ́, wọ́n á sùn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dá ìyá lóhùn.

Firmin ò gba kámú. Ó tú rédíò tó ti kú palẹ̀, ó so máíkì tó kéré bí èso ẹ̀wà mọ́ ẹ̀gbẹ́ ètè ìyá rẹ̀, ó sì gbé gbohùngbohùn kékeré kọ́ ọ láyà. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí gbogbo ilé gbọ́ lẹ́nu ìyá náà lẹ́yìn ọdún gbọọrọ ni pé, "Bàbá Firmin, ẹ yéé ya ẹnu bí ẹ bá ń jẹun." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́.

Bí àwọn ará àdúgbò ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá nìyẹn. Ẹni tó ní bàbá, ẹni tó ní ìyàwó. Firmin sọ àpótí náà ní Merel, orúkọ ẹyẹ dúdú tó máa ń kọrin lórí òrùlé wa láàárọ̀. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù náà, àwa mẹ́rin la ń ṣe é: Firmin, èmi, àti ọkùnrin méjì mìíràn. Bí èèyàn bá kàn fi èémí lásán sọ̀rọ̀, Merel á gbọ́ ọ, á gbé e sókè, kò sì ní súfèé bí àwọn gbohùngbohùn olówó pọ́ọ́kú ṣe máa ń súfèé. Ohun tó mú kí àwọn aláìsàn fẹ́ràn rẹ̀ jù ni pé kò ní ihò kankan lára tí wọ́n á máa ki okùn ṣáájì bọ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á gbé e lé orí ìjókòó rẹ̀, bàbà méjì á kan bàbà méjì, iná á máa wọlé. Bó ti wù kí ọwọ́ máa gbọ̀n tó, á ṣáà bọ́ sí i, bí ẹyin ṣe ń bọ́ sínú ìtẹ́.

Ilé ìtajà tó ń ta ohun èlò fún àwọn aláìsàn ló ń ra èyí tó pọ̀ jù lọ́wọ́ wa. Obìnrin tó ń bójú tó ọjà níbẹ̀ ló pè wá lórí fóònù.

"Ọ̀gbẹ́ni Firmin, ẹ má bínú o. Bí ọdún yìí bá ti parí, a ò ní lè gba Merel tuntun mọ́."

"Kí ló ṣe é? Ṣé ó ń bàjẹ́ ni?"

"Kò bàjẹ́. Kò ní ihò ni."

Firmin gbé fóònù sórí tábìlì, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ludwina, wọ́n ní àpótí wa ò ní ihò!"

"Ohun tó dáa lára rẹ̀ nìyẹn," mo ní.

Àṣé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti fẹnu kò pé gbogbo fóònù, gbogbo kámẹ́rà, gbogbo gbohùngbohùn tí èèyàn ń gbé káàkiri, ẹnu kan náà ni kí wọ́n fi máa gba iná, ẹnu kékeré tó wà lára fóònù òde òní, kí aráyé lè yéé da okùn ṣáájì oríṣiríṣi nù. Òfin náà ò burú. Èmi fúnra mi ní àpótí bàtà kan nílé tó kún fún okùn tí mi ò mọ ohun tó bí wọn. Ṣùgbọ́n gbohùngbohùn tí èèyàn ń gbé káàkiri ni Merel, wáyà ló sì ń gbé iná wọ ìjókòó rẹ̀. Òfin mú un láìwò ó lójú.

Èmi àti Firmin wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Brussels. Obìnrin tó gbà wá ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó òfin náà, Màdámù Baeten, ṣe wá dáadáa. Ó gbé Merel lọ́wọ́, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó tiẹ̀ fi í kọ́ ọrùn.

"Ọ̀gbẹ́ni Callewaert, ẹnikẹ́ni ò sọ pé kí ẹ pa iṣẹ́ yín tì. Ihò kan péré ni. Ẹ lu ihò náà, kí ìjókòó rẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà."

"Màdámù, itọ́ máa ń dà lẹ́nu àwọn tó ń lò ó. Àyà wọn sì ni àpótí yìí ń wà. Bí ihò bá wà níbẹ̀, ibo lẹ rò pé itọ́ máa gbà?"

"Ẹ fi rọ́bà dí i."

"Ta ló máa ṣí rọ́bà ọ̀hún? Ọwọ́ tí kò lè mú ṣíbí?"

Ó fi ìka tẹ àpótí tó wà láyà rẹ̀ wò. "Ẹ wá ṣe irú èyí tó ń gba iná láìsí wáyà rárá. Òfin ò ní yọ ọ́ lẹ́nu."

"Mo ti rò ó. Á wúwo, á sì máa gbóná. Gbogbo inú rẹ̀ la máa tún ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, àwa mẹ́rin yìí náà. A ò lágbára ẹ̀."

Màdámù Baeten bọ́ àpótí náà lọ́rùn, ó gbé e kalẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin. Ó ní, "Mi ò ní tàn yín. Nígbà tí wọ́n ń kọ òfin yìí, àwọn tó ń ta mílíọ̀nù mílíọ̀nù ló wà lọ́kàn wọn. Wọn ò rí yín."

Nínú ọkọ̀ ojú irin, Firmin ní òun fẹ́ràn obìnrin yẹn. "Ó kéré tán, ó sọ ọ́ sí mi lójú."

Síbẹ̀, ó fẹ́ dán ihò náà wò. Ọkùnrin tó ṣe irin tí a fi ń mọ ìkarahun oníke Merel ti kú, iye tí àwọn tó wà ní Kortrijk sì pè láti ṣe irin tuntun ju ohun tí gbogbo wa ń rí lọ́dún mélòó kan lọ. Firmin wá pinnu láti fi dírìlì lu ihò sára díẹ̀ nínú àwọn tó ti wà nílẹ̀, kí a wo bó ṣe máa rí lọ́wọ́ àwọn tó ń lò ó.

Odiel Vanneste ló kọ́kọ́ yọ tirẹ̀ lọ́rùn. Ọ̀rẹ́ Firmin láti ilé ìwé ni. Iṣẹ́ ẹnu ni Odiel fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe: òun ló máa ń dúró sórí ọkọ̀ ẹrù níbi ìdíje kẹ̀kẹ́ abúlé, tí á máa kéde ẹni tó wà níwájú àti ẹni tó ṣubú, tí ohùn rẹ̀ á sì kọjá oko ọ̀dùnkún méjì. Àìsàn ìgbọ̀nrìrì ò mọ̀ pé ohùn ẹni ńlá lòun ń jẹ.

"Lu ihò sí tèmi," Odiel ní. "Ihò kan sí i lára mi ò lè pa mí."

Firmin lu ú. Ọjọ́ kejì ó gbé e padà lọ, ó sì fi okùn ṣáájì sí Odiel lọ́wọ́ níwájú Alida ìyàwó rẹ̀. Ọwọ́ náà gbéra, ó lọ sókè, ó lọ sọ́tùn-ún, ó yí ihò náà ká bí eṣinṣin ṣe ń yí ẹran ká. Odiel ò fi máíkì sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kéde:

"Ẹ̀yin ará, ó ti yọ ní igun ìkẹyìn o! Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀… áà, ó ti kọjá! Ó ti wọ inú koríko! Ó ti dìde, ó tún ń bọ̀… ẹ má sún mọ́ ojú ọ̀nà, ìyá àgbà yẹn, ẹ sún sẹ́yìn!"

A rẹ́rìn-ín dé ibi tí Firmin ti di tábìlì mú. Alida náà rẹ́rìn-ín, kó tó dìde lọ sí ilé ìdáná tó sì pẹ́ níbẹ̀. Odiel ń bá a lọ títí òógùn fi bo iwájú orí rẹ̀. Níkẹyìn ó jẹ́ kí okùn bọ́ sílẹ̀.

"Firmin, ṣé o fẹ́ kí n fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ ni?"

Alida padà dé, ojú rẹ̀ pọ́n. "Èmi á máa fi sí i fún un lálaalẹ́. Kí ló le níbẹ̀?"

"Ìwọ wà nílé," Firmin ní. "Ta ló wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń dá gbé?"

Àwọn yòókù tó gbà láti dán an wò ò rí ire níbẹ̀. Ní ilé àwọn arúgbó tó wà ní Pittem, ọbẹ̀ dà sínú ti obìnrin kan, àpótí náà kú lójú ẹsẹ̀. Rọ́bà tí a fi bo ti ẹlòmíì, eyín ni bàbá náà fi ń ṣí i, ó sì fà á já. Kí ọdún tó parí, Firmin pè wá jọ, ó ní òun ò ní ṣe Merel tuntun mọ́. Àwọn ọkùnrin méjì yẹn lọ gba iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tó ń mú kí ewébẹ̀ dì bíi yìnyín. Èmi dúró. Kò sẹ́ni tó ní kí n dúró.

Òfin ò dá wa lẹ́kun pé kí a tún èyí tó ti wà lọ́rùn àwọn èèyàn ṣe, iṣẹ́ tó kù fún wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n pátákó wáyà tó wà nínú Merel, ilé iṣẹ́ kan lókè òkun ló ń bá wa ṣe é, wọn ò sì ní fọwọ́ kan irin fún ẹni tó fẹ́ ogún tàbí ọgbọ̀n. Ìgbà tí pátákó tó kẹ́yìn lọ́wọ́ wa tán ni Firmin bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìkéde òkú nínú ìwé ìròyìn láràárọ̀. Bó bá rí orúkọ tí a mọ̀, á gbé kóòtù dúdú, á lọ tọrọ Merel òkú náà fún alààyè.

Àwọn kan fún wa tọwọ́tẹsẹ̀. Ọkùnrin kan ní Meulebeke fi gèlè ìyàwó rẹ̀ wé e fún wa, ó ní kí a má dá gèlè náà padà. Àwọn kan ti jù ú sínú pàǹtírí. Lẹ́yìn ti Ardooie, ìnagijẹ náà ṣáájú wa dé ilé ọtí. Bí Firmin bá wọlé, ẹnì kan á ti gbé ife sókè: "Firmin, òkú ta lo ń ṣọ́ lónìí?" Ó kọ́kọ́ ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò lọ sí ilé ọtí mọ́.

Ìgbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ni Merel Odiel dákẹ́. Alida gbé e wá fúnra rẹ̀. Firmin tú u lórí tábìlì mi. Láti ẹnu ihò yẹn, ìpẹtà aláwọ̀ ewéko ti tẹ̀lé ojú wáyà lọ, ó ti jẹ pátákó náà dé àárín. Itọ́ ni. Firmin fi ìka kan ìpẹtà náà, ó sì fi ìka náà nu ara ṣòkòtò rẹ̀ léraléra.

"Àpótí tó dá ṣáṣá ló gbé fún mi," ó ní. "Èmi ni mo lu ú."

Alida ra gbohùngbohùn méjì tí wọ́n ń tà fún àwọn olùkọ́. Méjèèjì ní ihò tí òfin fẹ́. Wọ́n ń fẹ́ ọ̀fun tó ṣì le. Bí Odiel bá sọ̀rọ̀ sí wọn, èémí rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbé sókè, wọn á sì wá súfèé tí ajá àdúgbò fi máa ń gbó. Odiel bọ́ wọn kúrò. Firmin mú agogo kékeré kan tí wọ́n máa ń mì lọ fún un, kó lè máa fi pe ìyàwó rẹ̀. Odiel fa etí Firmin mọ́ ẹnu rẹ̀.

"Màlúù ni mí, tí màá máa gbé agogo kiri?" ó sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó ṣe ojú rẹ̀ bíi ti màlúù, ó sì fi agogo náà sílẹ̀ lórí tábìlì ilé ìdáná.

Merel kan wà tó ṣì dára bí ọjọ́ tí a ṣe é. Ó wà lọ́rùn Mama Zulma Demeulenaere, ní ilé àwọn arúgbó ní Lichtervelde. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún wa pé ìyá náà ò lè rí òpin oṣù yẹn. Oṣù náà parí, ìyá ṣì wà. Firmin ń pè wọ́n lórí fóònù. "Báwo ni Mama Zulma?" Ó tún pè. "Ṣé wọ́n jẹun lónìí?" Lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀sì tuntun ló gbé e.

"Ẹ mà tọ́jú wọn o, bàbá. Ṣé ọmọ wọn ni yín?"

"Rárá."

"Àbúrò wọn?"

"Rárá."

"Kí wá ni yín sí wọn?"

Mo wà níbẹ̀. Ó rọra gbé fóònù kalẹ̀.

"Ludwina, mo ń dúró kí obìnrin kan kú."

Èmi náà ń dúró. Ó mú kóòtù rẹ̀, kì í ṣe èyí dúdú, a sì gba Lichtervelde lọ.

Mama Zulma kéré lórí ibùsùn bí ọmọ ọlọ́jọ́ mẹ́jọ, ojú rẹ̀ nìkan ló ṣì tóbi. Merel wà láyà rẹ̀. Ó wo Firmin fún ìgbà pípẹ́ kí ohùn tó jáde láti inú àpótí náà, ohùn tó mọ́, tó gbẹ.

"Callewaert. Èmi lo wá wò, àbí àpótí mi?"

Mo wo ilẹ̀. Firmin fa àga, ó jókòó.

"Àpótí yín ni, Mama."

"Ta ló fẹ́ ẹ?"

"Odiel Vanneste ni."

"Odiel tó máa ń pariwo lórí ọkọ̀?" Àyà rẹ̀ mì, ẹ̀rín ni. "Ẹni yẹn ti sọ̀rọ̀ tó. Kó dúró. Ọmọ mi obìnrin wà ní Kánádà, ó ní òun ń bọ̀ wá, ó ti ń sọ ọ́ tipẹ́. Mo ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá a sọ. Mi ò lè fi ojú sọ ọ́."

"Ẹ sọ ọ́ tán, Mama. Ẹ má kánjú."

"Mi ò kánjú. Ìwọ lo ń kánjú."

Firmin rí i pé okùn máíkì rẹ̀ ti ń já lẹ́nu. Ó mú irinṣẹ́ jáde nínú àpò, ó fi òjé jó o pa dà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó sì tẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì kó má baà já kí ọmọ náà tó dé. Ìyá ń wo ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí a ń jáde, ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi."

Lójú ọ̀nà a yà lọ́dọ̀ Odiel, Firmin sì sọ bó ṣe rí fún un láìfi nǹkan kan pa mọ́. Odiel fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n gbá a léjìká, ó tún fa etí rẹ̀.

"Jẹ́ kí ìyá yẹn sọ̀rọ̀ lọ. Mo ti gbọ́ ohùn ara mi tó."

Òtútù ọdún náà dé lójijì. Odiel ní ẹyẹlé, ilé àwọn ẹyẹ náà sì wà ní ìsàlẹ̀ ọgbà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó lọ fún wọn lóúnjẹ, yìnyín tẹ́ẹ́rẹ́ ti bo pákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Egungun ìbàdí rẹ̀ kán, kò lè dìde. Alida wà ní ilé ìdáná, ó ń bó ọ̀dùnkún, rédíò ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó mọ̀ pé Odiel máa ń pẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ẹyẹ rẹ̀. Agogo yẹn wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́. Ojú ọjọ́ ti ń ṣú kí ó tó yọjú wo ọgbà, kó sì rí fìlà rẹ̀ nílẹ̀.

Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ní Roeselare. Òtútù ti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Firmin jókòó tì í ní gbogbo ọjọ́ tó fi wà níbẹ̀, ó ń gbé etí sẹ́bàá ètè rẹ̀, ó ń tún ohun tó bá sọ sọ fún Alida. Ọ̀rọ̀ kéékèèké ni. Omi. Ferese. Ẹyẹlé funfun yẹn, ẹ má tà á. Ó kú kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.

Níbi ìsìnkú, Firmin dúró lẹ́yìn pátápátá, kò sì súnmọ́ ibi oúnjẹ. Alida fi àwọn àlejò sílẹ̀, ó jáde wá bá wa nínú òtútù. Mo rò pé ó fẹ́ bú u. Ohùn rẹ̀ ò tiẹ̀ le.

"Ó pè mí, Firmin. Mo mọ̀ pé ó pè mí. Odiel kì í ṣe ẹni tó máa sùn sílẹ̀ kó má pe èèyàn. Ó ń pè mí, mo ń bó ọ̀dùnkún."

"Alida…"

"Má sọ nǹkan kan. Mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan mọ̀ pé ó pè mí ni."

Firmin ò wá sí ṣọ́ọ̀bù fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Nírọ̀lẹ́, ó ń lọ bọ́ ẹyẹlé Odiel, torí Alida ò lè rìn dé ìsàlẹ̀ ọgbà yẹn mọ́. Ó bu iyọ̀ sórí pákó ẹnu ọ̀nà, ó kan rọ́bà mọ́ ọn kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀. Mo bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ kan tó dúró láàárín àwọn ẹyẹ, tí ó mú dírìlì tó fi kan rọ́bà náà lọ́wọ́, tí ó kàn ń wò ó. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Mama Zulma rí Kérésìmesì, ó rí ọdún tuntun. Lẹ́yìn Àjíǹde ni obìnrin kan tó wọ aṣọ òjò pupa ṣí ilẹ̀kùn wa. Ó gbé Merel lé tábìlì, ó fi aṣọ mímọ́ wé e.

"Ìyá mi ní kí n gbé e wá fún Callewaert tìkára mi. Ó ní kí n má fi rán ẹnikẹ́ni."

Firmin dìde. "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, Màdámù. Ṣé ẹ bá wọn nígbà tí wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀?"

"Mo bá wọn." Ó jókòó láìjẹ́ pé a ní kó jókòó. "A jà. Láti ìgbà tí mo dé títí ilẹ̀ fi ṣú. Lórí ọkùnrin tí mo fẹ́ àti ilé tí mo tà. Ó sọ gbogbo ohun tó ti ń dì sínú láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé. Àwọn nọ́ọ̀sì wá ti ilẹ̀kùn mọ́ wa." Ó rẹ́rìn-ín, imú rẹ̀ sì ń dà. "Ọjọ́ kejì, ó ní kí n ya irun òun. Kò tún sọ púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn."

Mo fún un ní kọfí. Firmin tú àpótí náà, ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn èérún bisikíìtì kúrò nínú rẹ̀. Pátákó rẹ̀ mọ́ tónítóní. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó ti wà lọ́rùn ọkùnrin kan ní Tielt tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí.

Ṣọ́ọ̀bù ṣì ń ṣí, ṣùgbọ́n kì í ṣe lójoojúmọ́. Iná kẹ̀kẹ́ àti rédíò àtijọ́ la fi ń rí owó iná san. Èmi ni mo ń ka ìkéde òkú báyìí, èmi náà ni mo ń lọ. Obìnrin kì í tètè bú obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ níbi ìsìnkú. Iye Merel tó ṣì ń sọ̀rọ̀ nílẹ̀ yìí ń dín kù, a sì mọ orúkọ ẹni tó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ọkùnrin kan pè láti Diksmuide láìpẹ́ yìí. Dókítà ti dárúkọ àìsàn náà fún ìyàwó rẹ̀, ohùn sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ẹnì kan ló júwe wa fún un. Ó fẹ́ ra Merel tuntun, ó ní iyekíye tí a bá pè, òun á san án.

"Kò sí tuntun mọ́," Firmin ní.

"Ti àlòkù ńkọ́?"

"Àwọn tó ń dúró dè é ti pọ̀ ṣáájú yín."

Ọkùnrin náà ní, "Kí ni kí n ṣe báyìí, bàbá?"

Firmin bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Lálaalẹ́, ẹ jókòó sí iwájú rẹ̀ níbi tí iná wà," ó ní. "Ẹ jẹ́ kó máa bá yín sọ̀rọ̀, kí ẹ sì máa wo ẹnu rẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa, kí ẹ mọ bí ètè rẹ̀ ṣe ń rí nígbà tó bá ń pe orúkọ yín, nígbà tó bá ń béèrè omi. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lónìí, nígbà tí ẹ ṣì ń gbọ́ ọ."